Bàbà Yíyọ́ Tó Ka 31 °C

Iye kan ti ń dà mí láàmú láti bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta: 31. Bí ẹ bá kọjú áńtẹ́nà máíkíróweefù sí bàbà tó ti yọ́, tó ń dà gììrì bí omi ní 1,127 °C, tí ẹ sì ka ohun tí áńtẹ́nà náà gbà láìṣe àtúnṣe kankan sí i, ẹ̀rọ yóò sọ fún yín pé bàbà náà wà ní nǹkan bí 31 °C. Ìgbóná ọ̀sán Ìbàdàn nìyẹn. Ẹ̀rọ kò bàjẹ́, wáyà kò já, ìṣirò náà sì pé.

Irinṣẹ́ yìí kan náà ni wọ́n ń kọjú rẹ̀ sí gíláàsì yíyọ́ tí èéfín àti eruku bò mọ́lẹ̀, tí yóò sì sọ ìgbóná rẹ̀ níbi tí ojú èèyàn àti kámẹ́rà infrared (èyí tó ń lo ìmọ́lẹ̀ ooru tí ojú kò lè rí) kò ti rí nǹkan kan. Báwo ni ohun tó ń ríran gba inú èéfín kọjá ṣe wá fọ́jú sí bàbà tó wà níwájú rẹ̀ gbangba? Ibẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà.

## Ibi tí ojú alágbẹ̀dẹ mọ

Alágbẹ̀dẹ kì í wọn iná. Ó ń wò ó. Irin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ nínú òkùnkùn ti tó nǹkan bí 600 °C; èyí tó ràn bí òroǹbó ti sún mọ́ 1,000; èyí tó ń funfun lójú ti kọjá 1,200 dáadáa. Pyrometer infrared, ẹ̀rọ tó ń ti òkèèrè wọn ìgbóná tí wọ́n ń lò nílé iṣẹ́, kò ṣe ju ohun tí alágbẹ̀dẹ ń ṣe lọ, àfi pé ó ń fi nọ́ńbà ṣe é.

Wàhálà àwọn méjèèjì ò sì yàtọ̀. Ìgbì ìmọ́lẹ̀ tí wọ́n gbẹ́kẹ̀ lé kò gùn ju máíkírómítà (ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún mílímítà) kan tàbí mélòó kan lọ, eruku inú ìléru náà sì wà láàárín máíkírómítà kan sí ọgọ́rùn-ún. Eruku tó tó ìgbì tàbí tó jù ú lọ yóò dènà rẹ̀, yóò fọ́n ọn ká. Bí eruku náà bá tún gbóná, yóò máa tan ìmọ́lẹ̀ tirẹ̀ síwájú ẹ̀rọ, ẹ̀rọ yóò sì ka ìgbóná èéfín, kò ní ka ti ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀.

Ẹnìkan lè ní kí á kúkú ti thermocouple bọ̀ ọ́, ìyẹn wáyà méjì tí a so pọ̀ tó ń fi iná mànàmáná sọ ìgbóná ohun tó bá fara kàn. Òótọ́ ni, títí dé ibì kan. Thermocouple oríṣi K ń bẹ̀rẹ̀ sí í kú lẹ́yìn nǹkan bí 1,260 °C. Èyí tí wọ́n fi pílátínọ́ọ̀mù àti rhodium ṣe lè dé nǹkan bí 1,700, ṣùgbọ́n ó wọ́n, gíláàsì yíyọ́ sì ń jẹ àpò tó bò ó díẹ̀díẹ̀. Nílé iṣẹ́ irin, wọ́n ti gbà fún kádàrá: wọ́n fi páálí ṣe ọ̀pá rẹ̀, wọ́n á tì í bọ irin yíyọ́, á ka iye kan láàárín ìṣẹ́jú-àáyá mélòó kan, á sì jóná. Ìwọ̀n kan, ọ̀pá kan. Ẹni tó fẹ́ mọ ohun tó ń lọ láàárín ìwọ̀n àkọ́kọ́ àti ìkejì, kó máa fi inú rò ó.

Ìgbì máíkíróweefù tí irinṣẹ́ wa ń gbà, ní 137 GHz (ìyẹn ìgbà bílíọ̀nù 137 tó ń mì láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan), gùn ní mílímítà 2.2. Eruku máíkírómítà 20 kò tó ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀. Bí òkúta wẹ́wẹ́ lábẹ́ ẹsẹ̀ erin ló rí, ìgbì náà kò tilẹ̀ mọ̀ pé ó wà níbẹ̀. Afẹ́fẹ́ fúnra rẹ̀ ní ibi tó ti ń gbé ìgbì mì: ọ́síjìn ní nǹkan bí 60 GHz àti 118.75, ooru omi ní 22.2 àti 183.3. Ibi tí 137 wà, àlàfo ni láàárín 118.75 sí 183.3. Bí ẹnìkan bá rò pé àbá lásán ni wọ́n fi mú nọ́ńbà náà, kò rí bẹ́ẹ̀.

Kí ló dé tí wọn kò mú ìgbì tó gùn jù bẹ́ẹ̀ lọ, bíi 10 GHz, tí ohun èlò rẹ̀ pọ̀ lọ́jà tó sì rọ̀ lọ́wọ́? Ìgbì gígùn kì í ríran ṣóńṣó. Láti inú ihò tó fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 3, 137 GHz ń wo àyè kékeré kan lójú gíláàsì. Kí 10 GHz tó lè ríran tó bẹ́ẹ̀, ihò tirẹ̀ gbọ́dọ̀ fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 41. Ta ni yóò gbà kí wọ́n lu ihò tó tó ọpọ́n ìfọṣọ sí ara ògiri ìléru rẹ̀?

## Agbára tí kò tó nǹkan

Ohun dúdú tó gbóná dé 1,227 °C, ìyẹn 1,500 Kelvin (ẹ fi 273 kún °C, ó di Kelvin), ń tan nǹkan bíi kílówáàtì 287 jáde lórí mítà kan níbùú lóròó. Èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ wà nítòsí máíkírómítà 2, ní apá infrared. Ohun tí áńtẹ́nà máíkíróweefù máa rí gbà nínú gbogbo rẹ̀, bó bá ṣí ẹnu rẹ̀ fún fífẹ̀ ìgbì 1 GHz, jẹ́ wáàtì 0.00000000002. Ẹ ka òdo náà dáadáa.

Bí a bá ń gúnyán nínú ewé, tí a ń sebẹ̀ nínú èèpo ẹ̀pà, ẹni tó máa yó á yó. Ohun méjì ló jẹ́ kí kékeré yìí tó jẹ. Èkíní, lápá ibi tí ìgbì gùn báyìí, agbára àti ìgbóná jọ ń rìn ni: kí ìgbóná di ìlọ́po méjì, agbára náà á di ìlọ́po méjì. Kò sí ìṣirò líle kankan láàárín wọn. Ẹ̀kejì, níwọ̀n ìgbà tí nǹkan gbígbóná náà bá ti kún ojú áńtẹ́nà, bó jìnnà bó sún mọ́, iye kan náà ló máa kà.

Robert Dicke, onímọ̀ físíìsì ará Amẹ́ríkà, ló fi ọ̀nà hàn ní 1946. Ìṣòro tó bá pàdé kì í ṣe pé agbára náà kéré. Ìṣòro náà ni pé ẹ̀rọ tó ń sọ kékeré di ńlá kì í dúró sójú kan. Bí òòrùn bá mú, yóò gbé e ga díẹ̀. Bí iná bá lọ sílẹ̀, yóò rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. Dicke fi yíyípadà kún un: ẹ̀rọ á wo nǹkan gbígbóná, á yíjú wo ohun kan tí a mọ ìgbóná rẹ̀, á tún padà, nígbà púpọ̀ láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ìyàtọ̀ àárín méjèèjì la ń kà. Bí ẹ̀rọ bá yẹ̀, ojú méjèèjì á jọ yẹ̀. Irú ẹ̀rọ tó ń fi nǹkan wé nǹkan báyìí náà ni Penzias àti Wilson, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì méjì, kọjú sí ojú ọ̀run ní Holmdel ní New Jersey, Amẹ́ríkà, ní 1964, tí wọ́n fi gbọ́ ìgbóná kékeré tó ṣẹ́kù lójú ọ̀run, Kelvin mẹ́ta péré. Ohun èlò kan, òtútù ojú ọ̀run lápá kan, iná ìléru lápá kejì.

Ẹ jẹ́ ká fi nọ́ńbà sí i. Bí ariwo ẹ̀rọ (agbára tí ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ ń tú jáde, tí a ń fi Kelvin kà) àti ti nǹkan gbígbóná bá jọ jẹ́ 3,000 Kelvin, tí fífẹ̀ ìgbì jẹ́ 1 GHz, tí a sì dúró fún ìṣẹ́jú-àáyá kan, ìwọ̀n tí a rí kò ní gbọ̀n ju ìdá mẹ́wàá Kelvin kan lọ. Yíyípadà Dicke á sọ ọ́ di ìdá márùn-ún. Ìyẹn dára ju bí a ṣe nílò rẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n bí ẹ̀rọ bá yẹ̀ ní ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún láìsí ohun tí a fi wé, Kelvin 30 ti lọ nìyẹn. Ariwo kọ́ ni ọ̀tá, yíyẹ̀ ni.

## Jígí ni bàbà

Báyìí, ẹ jẹ́ ká padà sórí 31.

Gbogbo ohun tó gbóná ń tàn, àmọ́ wọn kò tàn bákan náà. Ohun tó bá ń gbé gbogbo ìgbì tó bá a mì ni yóò tàn dáadáa. Ohun tó bá ń dá ìgbì padà kò ní fi bẹ́ẹ̀ tàn. Ìdá tó ń tàn yìí ni wọ́n ń pè ní emissivity. Ìdá tó dá padà àti emissivity jọ ń pé ọ̀kan nígbà gbogbo, bí nǹkan náà bá ti nípọn tó tí ìgbì kò fi lè gbà á kọjá. Ẹni tó bá mọ ọ̀kan ti mọ èkejì.

Irin tó ń gbé iná mànàmáná dáadáa ń dá máíkíróweefù padà bí jígí. Ìṣirò emissivity rẹ̀ kò le: ẹ fi pi, 8.85 × 10⁻¹², iye mímì ìgbì, àti ìwọ̀n bí irin náà ṣe ń tako iná mànàmáná sọ ara wọn di púpọ̀, ẹ wá gbòǹgbò onílọ̀ọ́po-méjì rẹ̀, ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po mẹ́rin. Bàbà yíyọ́ ń tako iná ní nǹkan bí 2.1 × 10⁻⁷ ohm-mítà. Ní 137 GHz, ohun tó jáde ni 0.0036.

Ẹ wo ohun tó túmọ̀ sí. Nínú 1,400 Kelvin tí bàbà náà ní, Kelvin 5 péré ló dé ọ̀dọ̀ áńtẹ́nà. Ìyókù ohun tí áńtẹ́nà ń gbà, 0.9964 nínú rẹ̀, kì í ṣe ti bàbà rárá: ti yàrá ni. Áńtẹ́nà ń wo ara rẹ̀ nínú jígí bàbà, yàrá sì wà ní 300 Kelvin. Ẹ fi 5 kún 299, ó di 304 Kelvin. Ẹ yọ 273 kúrò. Ó ku 31.

Ẹ lè dán èyí wò ní ilé ìdáná láìní áńtẹ́nà. Ẹ mú ìkòkò alumíníọ́ọ̀mù tó ń dán, ẹ gbé omi kaná nínú rẹ̀ títí yóò fi hó, kí ẹ sì na ìbọn infrared tí wọ́n fi ń wọn ìgbóná sí ara rẹ̀. Ó lè sọ pé kò tó 50 °C. Ẹ wá na án sí ẹ̀gbẹ́ ibi tí iná igi ti sọ di dúdú, ìkòkò kan náà, omi kan náà. Yóò súré lọ sí nǹkan bí 100. Ibi dídúdú ló ń sọ òótọ́. Bí ìkòkò yín bá jẹ́ tuntun pátápátá, ẹ lẹ téépù pélébé tí àwọn kunlékunlé ń lò mọ́ ọn, kí ẹ sì wọn orí téépù náà. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Ohun tó wà lẹ́yìn nọ́ńbà ojú ẹ̀rọ ni irú ara tí nǹkan náà ní.

Gíláàsì kì í ṣe jígí tó bẹ́ẹ̀. Emissivity gíláàsì yíyọ́ lè tó 0.8, ìyẹn ló jẹ́ kí ẹ̀rọ yìí wúlò fún un. Síbẹ̀ náà, gíláàsì tó wà ní 1,150 °C, bí a bá kà á láìṣe àtúnṣe, 925 ló máa fara hàn. Dìgírì 225 ti sọ nù.

## Ẹ̀gbẹ́ kejì ọ̀bẹ náà

Ibí yìí ni mo rò pé ọ̀pọ̀ àwọn tó ń polówó ọ̀nà yìí kì í fẹ́ dúró pẹ́. Mo ní agbára àti ìgbóná jọ ń rìn, mo sì ní ó dára. Ó dára lóòótọ́, àmọ́ àṣìṣe náà jọ ń bá wọn rìn.

Pyrometer tó ń lo ìmọ́lẹ̀ máíkírómítà kan ní àbò tí wọn kì í sábà sọ nípa rẹ̀. Ní 1,800 Kelvin, bí ẹ bá ṣi emissivity mú ní ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún, ìgbóná tó máa kà kò ní yẹ̀ ju nǹkan bíi dìgírì 22 lọ, nítorí ìmọ́lẹ̀ kúkúrú ń pọ̀ sí i lọ́nà tó yára gan-an bí ìgbóná ṣe ń pọ̀ sí i. Ní máíkíróweefù, àṣìṣe yẹn kan náà jẹ́ dìgírì 180. Ẹni tó bá ra ẹ̀rọ máíkíróweefù, tó wá ka emissivity láti inú ìwé, tó tẹ̀ ẹ́ sí ojú ẹ̀rọ tó sì lọ jókòó, ó sàn fún un kó padà sọ́dọ̀ alágbẹ̀dẹ.

Emissivity gíláàsì kì í sì í dúró. Ó ń yí padà bí èròjà rẹ̀ ṣe ń yí padà, bó ṣe ń hó, bí ohun tí kò tíì yọ́ ṣe ń léfòó lójú rẹ̀. Kí a pè é ní 0.75 nígbà tó jẹ́ 0.8, gíláàsì 1,150 di 1,225.

## Kí a bi í léèrè ohun tó ń dá padà

Àwọn tó yanjú rẹ̀ ní ìdí tó lágbára láti yanjú rẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, wọ́n ń po pàǹtírí olóró tó ṣẹ́kù látinú iṣẹ́ bọ́ǹbù átọ́ọ̀mù mọ́ gíláàsì, wọ́n ń yọ́ ọ ní nǹkan bí 1,150 °C, wọ́n sì ń dà á sínú àgbá irin kó di òkúta. Ní Savannah River ní South Carolina, iṣẹ́ náà ti ń lọ láti 1996. Kò sẹ́ni tó lè sún mọ́ irú ìléru bẹ́ẹ̀ láti lọ pààrọ̀ thermocouple. Paul Woskov ní MIT àti S. K. Sundaram ní Pacific Northwest National Laboratory ló gbé ọ̀nà kan jáde ní 2002 pẹ̀lú irú ìléru yẹn lọ́kàn, ní 137 GHz.

Ọgbọ́n rẹ̀ ni pé kí ẹ fi ìmọ́lẹ̀ gíláàsì náà fúnra rẹ̀ wò ó. Ẹ fi awẹ́ tín-ín-rín kan sójú ọ̀nà ìgbì tó ń bọ̀ láti inú ìléru, kó pín in sí méjì: ìdá kan lọ sínú ẹ̀rọ, ìdá kejì lọ bá jígí kan lẹ́gbẹ̀ẹ́. Jígí náà á dá a padà sínú ìléru, á bá gíláàsì. Bí gíláàsì bá ń dá ìgbì padà, díẹ̀ nínú rẹ̀ á tún padà bọ̀ wá bá ẹ̀rọ, iye á sì ga sí i. Ẹ kà á nígbà tí jígí ṣí. Ẹ fi ohun tó ń gbé ìgbì mì bo jígí, ẹ tún kà á. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín méjèèjì ló ń sọ ìdá tí gíláàsì dá padà. Ẹ yọ ọ́ kúrò nínú ọ̀kan, emissivity ló kù, bó ṣe rí ní ìṣẹ́jú yẹn gan-an, kì í ṣe bí ìwé ṣe sọ ọ́.

Ìyàtọ̀ náà kò pọ̀. Bí jígí bá dá ìdá mẹ́rin kan padà sínú ìléru, tí gíláàsì sì ń dá ìdá márùn-ún kan padà, iye á fi nǹkan bí ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún ga sí i. Láti mọ emissivity gíláàsì náà dé ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún, ẹ gbọ́dọ̀ lè ka ìyàtọ̀ tó kéré tó 0.2 nínú ọgọ́rùn-ún láàárín kíkà méjèèjì. Ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ yíyẹ̀ tí Dicke bá jà fi tún padà wá síbí. Ojú gíláàsì sì gbọ́dọ̀ tẹ́jú: bó bá ń hó tó ń yọ ìfófò, ìgbì á fọ́n ká dípò kó padà, ẹ̀rọ á rò pé kò dá nǹkan kan padà, á sì gbé emissivity ga ju bó ṣe yẹ lọ.

Fún bàbà, ọ̀nà yìí kò ràn wá lọ́wọ́. Láti rí 0.0036, a máa ní láti yọ 0.9964 kúrò nínú ọ̀kan, àṣìṣe bíńtín nínú nọ́ńbà ńlá á sì gbé nọ́ńbà kékeré mì.

## Ibi tí iṣẹ́ ti ń bàjẹ́

Páìpù tó ń gbé ìgbì jáde nínú ìléru ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí. Òun náà gbóná, òun náà ń tàn. Bó bá gbé ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún ìgbì mì, tí òun fúnra rẹ̀ wà ní 1,000 Kelvin, Kelvin 10 tí kò wá láti ara gíláàsì ti wọnú ìwọ̀n. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń gé ìlà yí inú páìpù irin náà ká, irin Inconel tó lè fara da ooru, tí ìlà kọ̀ọ̀kan sì jìn ní nǹkan bíi mílímítà 0.55, ìdá mẹ́rin kan gígùn ìgbì. Ìlà wọ̀nyí ń jẹ́ kí ìgbì máa gba àárín páìpù lọ, kó má fara kan ògiri. Ẹ sì máa fẹ́ afẹ́fẹ́ díẹ̀díẹ̀ gba inú rẹ̀ sísàlẹ̀, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ooru sódíọ̀mù á gun inú rẹ̀ wá, á dì síbẹ̀.

Fèrèsé tó dí ẹnu páìpù náà ń purọ́ tirẹ̀. Kuọ́ọ̀tìsì ni wọ́n sábà fi ń ṣe é. Bí wọ́n bá gé e ní ìnípọn tí kò bá ìgbì mu, ó lè dá tó ìdá mẹ́ta kan padà. Bó bá jẹ́ mílímítà 1.12 tàbí 2.24 ní 137 GHz, ìgbì á kọjá bí ẹni pé kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Ìdá mẹ́wàá mílímítà kan tí onígígé bá ṣì, ẹ̀rọ á san án.

Títọ́ iye sọ́nà ńkọ́? Ọ̀pọ̀ ń fi ohun dúdú tó ń gbé ìgbì mì ṣe é: wọ́n á wò ó nínú yàrá ní 295 Kelvin, wọ́n á tún rì í sínú náítírójìn olómi ní 77. Ó rọrùn, kò náni lówó. Ṣùgbọ́n àárín wọn jẹ́ 218, ibi tí a ń lọ sì jẹ́ 1,500. Kelvin kan tí a bá ṣì níbi òtútù á ti di márùn-ún àbọ̀ kí a tó débẹ̀. Ó sàn kí ẹ ní ihò silicon carbide kan nínú ìléru kékeré, pẹ̀lú thermocouple lẹ́yìn rẹ̀, kí ẹ lè yẹ ẹ̀rọ wò nítòsí ibi tó ti máa ṣiṣẹ́.

Ọ̀kan ṣì wà tó máa ń ya àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ lẹ́nu: iye tó ń gòkè tó ń sọ̀ kalẹ̀ bí ẹni ń mí, nígbà tí ìgbóná ò yí padà. Ariwo tí ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ ń tú jáde ló lọ bá ojú gíláàsì, tó padà wá pàdé ara rẹ̀. Bí ojú gíláàsì bá ròkè ní mílímítà 1.1, ó ti yí lẹ́ẹ̀kan pé. Ẹ má ṣe tún ẹ̀rọ ṣe. Ẹ ka iye ìgbà tó yí, ẹ sọ ọ́ di púpọ̀ pẹ̀lú 1.1, ẹ ti mọ bí gíláàsì ṣe ga sí i tó nínú ìkòkò.

31 náà sì rí bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ kí áńtẹ́nà dúró síbi tó wà, kó máa wo bàbà yíyọ́ tó ń ka 31. Bí ìdàrọ́ bá léfòó gba iwájú rẹ̀ kọjá, ìdàrọ́ tí kì í ṣe jígí, tó sì nípọn tó láti gbé ìgbì mì, tí emissivity rẹ̀ sún mọ́ ti gíláàsì, iye á fò sókè lójijì sí nǹkan bí 900. Ìgbóná kò yí padà rárá. Bó bá padà sí 31, ojú bàbà ti mọ́, ẹni tó fẹ́ dà á sí fọ́ọ̀mù lè dà á.